Ìtàn Tí A Ti Mọ Ìparí Rẹ̀

Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ̀ pé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ á bọ́. Kí àgbà tó ń pìtàn tó la ẹnu la ti mọ̀ pé Ògúnlọlá á ta á lọ́fà, á gé orí rẹ̀, á gbé e lọ bá Aláàfin l'Ọ́yọ̀ọ́. Síbẹ̀, bí ìtàn náà bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí í dìde. Bó ṣe débẹ̀ là ń jókòó tì: ọkùnrin tí wọ́n tìtorí ẹjọ́ ìpànìyàn fi sí àhámọ́, kí ló gbé e dé ibi tó fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun lọ kojú ẹni tí àwọn jagunjagun ń sá fún? Ìdí rèé tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé fíìmù tó padà lọ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú fíìmù mìíràn kò lè dùn. Wọ́n ní a ti mọ ibi tó máa já sí. Bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀ ọ́n. A ṣáà mọ ti Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ náà.

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni Caprica, eré tẹlifíṣàn alápá púpọ̀ kan. Ọmọ tó ń ròyìn ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá rẹ̀ ni. Ìyá ọ̀hún ni Battlestar Galactica, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1978, tí Ronald D. Moore wá tún un gbé dìde ní 2003, tó sì parí ní oṣù kẹta ọdún 2009. Nínú ìtàn náà, àwọn èèyàn tó ń gbé ní ayé méjìlá ṣe rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cylon, kó máa sìn wọ́n, kó sì máa bá wọn jagun. Cylon dìtẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi bọ́ǹbù ńláńlá pa ayé méjèèjìlá run, àwọn tó yè é kò ju nǹkan bí 50,000 lọ. William Adama, ọ̀gágun tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, wà lára àwọn tó kó wọn sá lọ, nínú ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan tí àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò so mọ́ra wọn. Ohun tí kò jẹ́ kí Cylon ráàyè wọ inú rẹ̀ bà á jẹ́ nìyẹn.

Caprica gba ẹ̀yìn lọ. Ohun tí wọ́n kọ sójú àwòrán níbẹ̀rẹ̀ ni pé ó ku ọdún 58 kí ìparun yẹn dé. Apá kìíní rẹ̀ jáde lórí DVD ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 2009, bí oṣù kan lẹ́yìn tí Galactica kógbá sílé, àmọ́ kò dé orí tẹlifíṣàn títí di oṣù kìíní 2010. Ó ti wà nínú háàdì mi tipẹ́. Mi ò ṣí i, torí irú fíìmù báyìí kì í ṣe èyí tí mo lè dá wò. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ta ni màá yíjú sí?

Ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Adéníkẹ̀ẹ́ la ti wá jọ wò ó, torí òun ló ní ínfátà. Jẹnẹrétọ̀ ṣeé lò o, àmọ́ ariwo rẹ̀ á gbé ọ̀rọ̀ lọ, fíìmù yìí sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ju ìjà lọ. Mo tún ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa jáde nísàlẹ̀ àwòrán. Orúkọ tó wà níbẹ̀ pọ̀: Tauron, Gemenon, Graystone. Tí ọ̀kan bá bọ́ létí èèyàn, ó di kó máa bi ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ léèrè, ará ẹ̀gbẹ́ náà á sì pàdánù èyí tó kàn.

Àwa mẹ́ta la jọ wo Galactica nígbà tí a wà ní LAUTECH, nínú yàrá kan ní Under G tí a ti máa ń dáwó epo: èmi, Bàbá Ìbejì tó nilé, àti Alhaji tó ń ta fóònù àti dátà báyìí. Ẹ má jẹ̀ ẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, ibi tó jìnnà jù tí Alhaji tíì dé lápá òkè ni Ìlọrin. Àwọn mẹ́ta tó kù kò mọ ohun tó ń jẹ́ Cylon. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú yìí ní 1898. Ọ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tíṣà ni, ilé eléégún ni wọ́n sì bí i sí. Ẹnì kẹta ni Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tákíè. Ó ní òun kàn fẹ́ jókòó tì wá ni, òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ló ń rán mọ́ ọrùn aṣọ ìyàwó kan. Ó da ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú ìdérí agolo mílíìkì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ gúgúrú, Alhaji sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ú mọ́ ẹ̀pà jẹ.

Mo ṣòfin kan kí n tó tẹ̀ ẹ́: ẹni tó bá mọ̀ kò gbọdọ̀ sọ. Kò tiẹ̀ gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀. Alhaji búra. A mọ ìbúra Alhaji.

Mo ti pe Ìyá Ìbejì tẹ́lẹ̀ pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn, torí mo ti kà nípa bí fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á gbé awò kan sójú, awò náà á sì mú wọn wọ ilé ijó kan tí kò sí láyé, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Ohun tí bàbá àti ìyá ò gbọdọ̀ rí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ìhòòhò, ìpànìyàn, wọ́n tiẹ̀ ń fi èèyàn rúbọ. Ti DVD sì tún ṣí sílẹ̀ ju ti tẹlifíṣàn lọ. Àjà ni Pásítọ̀ ń wò títí.

“Pásítọ̀, ó ti kọjá,” Ọ̀jẹ̀ wí. “Ẹ lè máa bọ̀.”

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, Zoe. Daniel Graystone, bàbá rẹ̀, ló ṣe awò yẹn, òun ló sì sọ ọ́ di olówó ńlá. Zoe bá ìyá rẹ̀ jà, ó fẹ́ sá lọ sí ayé mìíràn pẹ̀lú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọmọkùnrin náà ti gbé bọ́ǹbù sára. Orúkọ Ọlọ́run kan ṣoṣo ló fi bú gbàmù.

Ibẹ̀ ni yàrá ti kọ́kọ́ pín. Ní Caprica, ọ̀kan nínú ayé méjìlá yẹn, òrìṣà púpọ̀ ni gbogbo ìlú ń bọ, wọ́n sì ń bọ wọ́n bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi: ilé ìwé gidi tí Zoe ń lọ, orúkọ òrìṣà ló ń jẹ́. Àwọn tó gbà pé Ọlọ́run kan ló wà ni wọ́n ń sá pamọ́, àwọn ni wọ́n sì ń ju bọ́ǹbù. Ọlọ́pàá kan tiẹ̀ bi ọ̀gá ilé ìwé náà léèrè bóyá kò bà á lẹ́rù, kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá ohun tó dára àti ohun tí kò dára mọ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Pásítọ̀ ní kí n dá a dúró. Ó ní ta ló kọ ọ́? Ọ̀jẹ̀ ní kí n má dá a dúró, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wo fíìmù, báyìí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí èyí tí ẹlẹ́bọ kì í ṣe ọ̀dájú inú rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi àdúrà jó ilé rẹ̀ níná ní ìparí. Alhaji, tí wọ́n máa ń yíjú sí bí ẹnìkan bá ju bọ́ǹbù níbikíbi láyé, fara ti ìrọ̀rí.

“Lónìí, ẹ jẹ́ kó kan ẹlòmíì.”

Mo mọ ìdáhùn tí mo lè fún Pásítọ̀, àmọ́ òfin ti dè mí. Nínú Galactica, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ló gba Ọlọ́run kan gbọ́, ọmọ ènìyàn ló ní òrìṣà púpọ̀. Àwa tí a wò ó kò mọ ibi tí irin ti rí Ọlọ́run. Ohun tí mo ń rí nínú Caprica nìyẹn, ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin oníwàhálà kan tó ń bínú sí ìyá rẹ̀. Orí mi wú. Pásítọ̀ ní tirẹ̀ kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju àbùkù lọ, mi ò sì dá a lẹ́bi: ẹni tí kò mọ ìparí, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tó yá ó sọ nǹkan kan tó dáa ju àlàyé mi lọ, ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọkùnrin yẹn ní ohun tí Ọlọ́run rẹ̀ fẹ́ràn, ohun tó kórìíra nìkan ni wọ́n kọ́ ọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin kan náà, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Joseph Adams pàdánù ìyàwó rẹ̀ àti Tamara ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan ló kù fún un. Bí wọ́n ṣe dárúkọ ọmọ náà pé Willie, àwa mẹ́ta kígbe lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá Ìbejì fẹ́rẹ̀ẹ́ da gúgúrú nù. William! Ọ̀gágun wa rèé tí kò tíì ju ọmọ tó ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ!

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” Ìyá Ìbejì gbójú sókè. “Àbí ọmọ yẹn máa kú ni?”

“Kú kẹ̀?” Alhaji ti gbàgbé ìbúra. “Ọmọ yẹn ò lè kú, Ìyá Ìbejì. Ẹ fọkàn yín balẹ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ ń wò yẹn lè kú, àmọ́ kì í ṣe ọmọ yẹn.”

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kí Zoe tó kú, ó ti ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà náà ní ìrántí, ó lè bínú, ó mọ ìgbà tí Zoe kú. Bó ṣe ṣe é nìyí: ó kó gbogbo ohun tí ayé ti kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ jọ, èsì ilé ìwé, ìwé ilé ìwòsàn, ọjà tó rà, fọ́tò, lẹ́tà, ó sì kọ ètò kan tó lè fi wọ́n hun èèyàn. Ẹ̀dà náà sọ pé ohun tó wà nínú ọpọlọ èèyàn kò ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 300 lọ, kò tó nǹkan. Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tí òun ń tà fún ọmọ LAUTECH kan ṣoṣo kí ilẹ̀ tó ṣú ju bẹ́ẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì kú fúnra rẹ̀, torí Daniel Graystone ti rí ẹ̀dà ọmọ rẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí òun á ṣe gbé e jáde wá sáyé. Ó lọ bá Joseph. Ó ní òun lè ṣe ti Tamara náà.

Ó ṣe é. Joseph gbé awò sójú, ó bá ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọmọ náà kò mọ ibi tó wà. Ẹ̀rù ń bà á. Ó gbé ọwọ́ sáyà, ó ní òun ò gbọ́ kí ọkàn òun máa lù. Bàbá já awò kúrò lójú, ó ní èèwọ̀ ni, kí wọ́n pa á rẹ́.

Èmi ni mo dá a dúró níbẹ̀ báyìí, torí ó dà bíi pé gbogbo èèyàn ń fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀jẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí òkú fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kì í ṣe àjèjì sí òun. Láyé àwọn bàbá ńlá òun, bí àgbàlagbà kan bá kú, eégún lè jáde kó fi ohùn olóògbé pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó súre, kó kìlọ̀ fún ẹni tó yẹ kó kìlọ̀ fún, ó di ìgbàlẹ̀. “Ẹ gbọ́ mi? Ó di ìgbàlẹ̀. Ará ọ̀run wá kí wa ni, kò wá bá wa gbélé. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ kó lọ.” Ó ní àgbà ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Ọmọdé tó kú, ọ̀fọ̀ ni. Wọn kì í jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ sàréè, ká tó wá sọ pé kí wọ́n máa pe ohùn rẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti fíìmù. Ní 2020, tẹlifíṣàn kan ní Kòríà Gúúsù fi ìyá kan hàn tó gbé irú awò yẹn sójú, tó sì bá àwòrán ọmọ rẹ̀ tó ti kú pàdé, tó ń na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan irun orí rẹ̀. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Bàbá Ìbejì ní owó ni.

Ìyá Ìbejì gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, ó sì kó aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ mọ̀ pé mo bímọ kan kí n tó bí ìbejì.”

A mọ̀. A kì í sọ ọ́ nínú ilé yẹn ni.

Ó ní bí ẹnìkan bá kó gbogbo káàdì ilé ìwòsàn ọmọ yẹn jọ pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, tó wá ní kóun wá wò ó, òun á lọ, kí Ọ̀jẹ̀ má bínú, kí Pásítọ̀ má bínú. Òun á lọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá wá sọ fún òun pé ọkàn òun ò lù, òun á ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ wọn. “Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọkùnrin yìí rí ọmọ rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀, kò sọ fún ìyá ọmọ. Ìyá ń sunkún lókè, bàbá ń bá ọmọ tàkúrọ̀sọ nísàlẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn?”

Bàbá Ìbejì dìde lọ wo ínfátà. Ínfátà ò ṣe nǹkan kan.

Nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ ni apá kìíní yìí, àwa tí a mọ Galactica sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti máa wá oríkèé: ibi tí rọ́bọ́ọ̀tì ti máa bẹ̀rẹ̀, ta ló bí ta. Nínú àwa mẹ́ta yẹn, kò sí èyí tó kíyè sí i pé wọn ò sọ fún ìyá Zoe. Látìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, mo máa ń wá ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fíìmù ìyá rẹ̀, màá sì fi í sí ìtòsí mi. Kì í ṣe torí kí n lè máa ṣàlàyé fún un o. Kí n lè máa gbọ́ ohun tó ń bi í nínú ni.

Ti Alhaji nìkan ni kò dùn tó. Ó ti retí ọkọ̀ òfuurufú àti ogun, kò rí ju rọ́bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lọ, èyí tí Graystone gbìyànjú láti da ẹ̀dà Zoe sínú rẹ̀, tó ṣubú lulẹ̀ gbì, tí wọ́n rò pé ọmọ náà ti sọnù pátápátá. Àwọn tó fẹ́ràn Galactica kárí ayé sọ irú ọ̀rọ̀ Alhaji yẹn nígbà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni wọ́n kéde pé eré náà ò ní kọjá ìpele kan. Mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ pe àwọn èèyàn wò ó, kó tètè sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, kì í ṣe ogun. Ẹni tó wá jẹ àmàlà tí wọ́n gbé ìrẹsì fún kò ní mọ̀ pé ìrẹsì náà dùn.

Nítòsí ìparí ni Joseph mú ọmọ rẹ̀ jókòó, tó sọ fún un pé Adams kì í ṣe orúkọ wọn, òun yí i padà ni kí àwọn ará Caprica tó ń fojú tín-ín-rín ará Tauron, ayé tí àwọn ti wá, lè gba òun mọ́ra. Adama ni wọ́n. Ó sọ orírun wọn fún un, àti ẹni tí wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀. A pàtẹ́wọ́, títí kan Pásítọ̀. Gbogbo wa la ní ẹ̀gbọ́n kan nílùú òyìnbó tó ti gé orúkọ rẹ̀ kù kí ahọ́n wọn lè gbé e.

Lẹ́yìn náà rọ́bọ́ọ̀tì tó ṣubú lulẹ̀ dìde, ó pe ọ̀rẹ́ Zoe lórí fóònù. Ìyá Ìbejì lọgun. Ó ní kí n má gbé háàdì mi lọ.

Mi ò gbé e lọ. Èmi àti Bàbá Ìbejì kò ráàyè jókòó tì í mọ́, òun ló ń wò ó lálẹ́ bó bá ti ń rán aṣọ. Ọjọ́ kan ni fóònù mi dún, kò tiẹ̀ kí mi.

“Willie kú.”

Mo ní kò lè ṣeé ṣe. Mo ní Willie ló máa di ọ̀gágun.

“Ìbọn ló bà á. Ó kú. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn, wọ́n bímọ, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní William. Èyí tí ẹ mọ̀ yẹn, àbúrò ẹ̀ ni.”

Mo jókòó. Àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé a mọ̀, wọ́n sì fi ohun tí a mọ̀ dẹkùn fún wa. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló béèrè lójú ẹsẹ̀ bóyá ọmọ náà máa kú, àwa la fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ní tiwa, Rẹ̀mílẹ́kún là bá sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan kì í gbé orúkọ òkú ọmọ wọ alààyè lọ́rùn.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ Galactica báyìí. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gágun Adama bá yọjú, tí Edward James Olmos tó ṣe é bá fajú ro bó ṣe máa ń fà á ro, ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Ẹ̀yin wò ó tán lọ́jọ́sí, ẹ ò mọ̀ pé orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jẹ́.” Alhaji ní irọ́ ni, kí wọ́n fi hàn òun. Ó ti gba háàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì wò ó, kò sì tíì dá a padà.